Ológbò Tó Ń Bì: Epo Pupa Kọ́ Ni Oògùn Rẹ̀

Ní Pobè àti ní Sakété, ológbò kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé. Òṣìṣẹ́ ni. Òun ni ó ń ṣọ́ àká àgbàdo lóru, òun ni kì í jẹ́ kí èkúté dá àpò gààrí àti àpò ẹ̀wà lu, òun náà sì ni àwọn ọmọdé ń gbé lé itan nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Síbẹ̀, bí ewúrẹ́ bá ṣàìsàn nínú agbo ilé, kíá ni a ó wá ẹni tí yóò wò ó, nítorí pé ewúrẹ́ ní iye tó ń pa lọ́jà. Bí ó bá kan ológbò, a ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, yóò wá ewé jẹ." Òótọ́ ni pé ológbò máa ń jẹ koríko, tí yóò sì bì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èébì ni koríko lè wò. Àìsàn inú àti ti ìfun wà lára ohun tó ń yára pa ọmọ ológbò jù lọ, ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé ohun tí a fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ni ó parí iṣẹ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan yìí.

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìn ológbò kì í kanlẹ̀. Bí a bá wá rí ológbò tó na gbalaja sí ìdí ògiri, tí kò yíjú sí ẹni tó ń pè é, tí irun rẹ̀ sì rí wúruwùru nítorí pé kò lá a mọ́, ọ̀ràn ti kọjá àwàdà. Kí ó tó dé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti mọ ohun tí a ń wò. Ológbò ń fi ahọ́n nu ara, ó sì ń gbé irun ara rẹ̀ mì. Irun yìí lè di òkúsù nínú ikùn, kí ó bì í jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó gùn bí ìka, kí ológbò náà sì padà sídìí oúnjẹ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Èyí kò yẹ kó dẹ́rù bani. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jẹun pẹ̀lú ìwàǹwára tó sì dá a padà, tàbí èyí tí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ fún ọjọ́ kan lẹ́yìn tó jẹ ohun tí kò jẹ rí.

Ẹ̀rù yẹ kó bà wá bí ó bá bì ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọjọ́ kan, bí omi tó mu kò bá dúró, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́, tàbí bí kò bá fẹnu kan oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan. Ọmọ ológbò kò tilẹ̀ ní agbára ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ kéré, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru láti òwúrọ̀ dé alẹ́ lè gbé e lọ. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bí ara bá dá, kíá ni awọ náà yóò padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá dúró ṣonṣo bí àgọ́, tí èrìgì rẹ̀ sì gbẹ tí ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti tán lára rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ajá tí inú ń run lè ṣe ọjọ́ méjì láìjẹun, kí nǹkan má sì ṣe é. Ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pa ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò máa ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, yóò sì dí ẹ̀dọ̀ náà lọ́wọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a fi ebi pa ológbò kí inú rẹ̀ lè sinmi, ìmọ̀ràn ajá ni ó ń gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí epo pupa, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, kò sì sí agbo ilé kan láti ibẹ̀ dé Sakété tí a kò ti lè rí epo. Kò yani lẹ́nu pé epo ni oògùn àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń nà mú. Bí ológbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí a rò pé ó jẹ èkúté tó ti jẹ májèlé, ẹnì kan yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹlòmíràn yóò la ẹnu rẹ̀, a ó sì da ṣíbí epo méjì tàbí mẹ́ta sí i lọ́fun. A ń ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ológbò tó ń jà kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo yóò yọ́ gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹran tí májèlé ì bá má pa yóò wá kú ikú àìlèmí ní ọjọ́ kẹta. Kò tán síbẹ̀. Àwọn májèlé kan wà tó jẹ́ pé inú epo ni wọ́n ti ń yọ́. Bí a bá fún ológbò ní epo, ńṣe ni a ń bá májèlé náà wá ọkọ̀ tí yóò gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Epo fúnra rẹ̀ sì tún ń tú inú, bẹ́ẹ̀ ni omi ara ni ológbò tó ń bì kò ní mọ́.

Wàrà inú agolo kò sàn jù ú lọ. Kò ní agbára kankan lórí májèlé, ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ni kò sì lè da ṣúgà inú wàrà. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi san án padà. Ẹ má ṣe fi omi iyọ̀ mú un bì pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ púpọ̀ lè pa á.

Kí ni a lè ṣe nígbà náà? Ẹ wá páálí tàbí ọ̀rá tí májèlé náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ mú un pẹ̀lú ológbò lọ bá dókítà ẹranko. Oríṣi májèlé kò jọra. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè pa ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún mọ́ra kí ó tó fara hàn: èrìgì yóò funfun, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde nímú tàbí nínú ìgbẹ́, ológbò kò sì ní lè mí dáadáa. Fítámì K1 ni a fi ń wò ó, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn apakòkòrò inú oko ní tirẹ̀ kì í dúró pẹ́: láàárín wákàtí díẹ̀, itọ́ yóò máa dà, ara yóò máa gbọ̀n, ọmọ ojú yóò sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tó lè dojú kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá tètè dé. Àkókò tí a fi ń wá epo kiri ni ìbá ti gbé e dé ibẹ̀.

Oògùn ènìyàn tún wà níbẹ̀. Hóró parasetamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ti mílígíráàmù 500, tó láti pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ tiwa fi ń sọ oògùn yìí di aláìléwu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dúdú, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú. Ibuprofen burú fún un bákan náà. Oògùn aràn tí a ń fún ewúrẹ́ kò ṣeé fojú díwọ̀n fún ẹran tí kò wọ̀n ju kìlò 3 tàbí 4 lọ, oògùn yọ̀rọ̀ tí a ń fi sára ajá sì lè ní permethrin nínú, èyí tó ń mú kí gìrì gbé ológbò. Láti 2017 ni ìjọba Benin ti gbógun ti oògùn tí a ń tà lẹ́bàá títì. Nítorí ènìyàn ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ẹran ilé wa náà yóò jèrè rẹ̀ bí a bá jáwọ́. Ọbẹ̀ àjẹkù pàápàá yẹ kí a máa wò: àlùbọ́sà àti ayù, tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Nínú gbogbo àìsàn tó ń mú ológbò bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ọ̀kan wà tó burú ju ìyókù lọ. Àwọn Faransé ń pè é ní typhus du chat. Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà, nítorí pé kò bá typhus ènìyàn tan rárá, kò sì lè ran ènìyàn. Ní 1928 ni Verge àti Cristoforoni kọ ọ́ ní èdè Faransé pé ohun tó ń fà á kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ tí ń dá bakitéríà dúró kọjá. Kòkòrò náà là ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lónìí. Inú ìfun ni ó ń bà jẹ́, ó sì tún ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ìbá gbèjà ara, tó fi jẹ́ pé bí ara ti ń pàdánù omi ni gbogbo àìsàn mìíràn ń ráyè wọlé. Ọmọ ológbò tó ń ṣe dáadáa ní àná yóò jí pẹ̀lú ibà, yóò máa bì omi òfééfèé tàbí oje òróòro, yóò sì lọ jókòó síwájú abọ́ omi, yóò tẹ orí ba lé e, kò sì ní mu ún. Ẹni tó bá ti rí ìjókòó yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí nínú ara. Iṣẹ́ dókítà ni láti fi omi sí i lára nípa abẹ́rẹ́, láti dá èébì dúró, láti fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí bakitéríà gba inú ìfun tó ti bó wọ ẹ̀jẹ̀, àti láti máa bọ́ ọ. Èyí tó bá la ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ kọjá sábà máa ń yè. Láìsí ìtọ́jú, a lè pàdánù gbogbo ọmọ ìyá kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Níbẹ̀ ni ẹnu ayé ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ní wọ́n ti ba ilé náà jẹ́, wọ́n á ní ológbò kú dípò ènìyàn. Bí abo ológbò bá sì kó àìsàn yìí nínú oyún, ó lè bí àwọn ọmọ tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A kò lè ka iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a ti jù sínú igbó nítorí àjẹ́. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ wọn ni kò dàgbà tó. Kì í le sí i, kì í ranni, wọ́n sì lè jẹun kí wọ́n sì darúgbó nílé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ìdáàbòbò. A ń gún un láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, a ń tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí ọmọ náà yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, a ó sì tún ṣe é nígbà tó bá tó ọdún kan. Inú òtútù tí kò ju dígírì 2 sí 8 lọ ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá gbé e wá nínú àpò lórí zémìjàn lọ́sàn-án gangan, omi lásán ni ó fẹ́ tà fún wa.

Ti aràn kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ọmọ wa. Ọmọ ológbò ń mu aràn pọ̀ mọ́ wàrà ìyá rẹ̀. Kò dìgbà tó bá jẹ ìdọ̀tí. Ìdí nìyí tí ikùn rẹ̀ fi ń wú rondo nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákáṣáká, tí a sì ń rò pé ó yó. Nígbà mìíràn yóò bì aràn náà jáde, funfun, gígùn, bí okùn tó ń mira. Ẹyin aràn yìí ń bá ìgbẹ́ jáde sórí iyẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó di ohun tó lè ranni, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ tó sì fi ìka sẹ́nu lè gbé e mì, aràn náà a sì máa rìn kiri nínú ẹ̀dọ̀ tàbí kó dé ẹyinjú. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó yẹ kí ọmọ ológbò ti máa gba oògùn aràn, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà lóṣooṣù di oṣù kẹfà. Kí ìyá gbà á pẹ̀lú wọn. Àgbà tó ń ṣọdẹ èkúté nílò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ hóró ẹ̀gúsí kékeré ní ìdí ìrù rẹ̀, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Ara yọ̀rọ̀ tàbí èkúté ni ó ti kó o, nítorí náà bí a kò bá pa yọ̀rọ̀, aràn yóò padà. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ ológbò, lójoojúmọ́, kó tó pé ọjọ́ kan nílẹ̀; àìsàn toxoplasmose ni a ń sá fún.

Àwọn aránṣọ ní tiwọn: ẹ má jẹ́ kí òwú àti abẹ́rẹ́ sùn sílẹ̀. Ológbò á fi òwú ṣeré, á gbé e mì, òwú á há sábẹ́ ahọ́n tàbí nínú ikùn, ìfun á sì kó jọ lórí rẹ̀ bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ ní ìdí rẹ̀, ẹ má fà á, nítorí ó lè gé ìfun bí ọ̀bẹ. Iṣẹ́ abẹ ni. Akọ ológbò tó bá sì ń tẹ̀ ba tó ń rìn ṣáá, tó ń ké, tí ohunkóhun kò jáde, ẹ má yára sọ pé ìgbẹ́ ni kò rí yà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ni ó dí, ìyẹn kò sì lè dúró di ọjọ́ kejì.

Bí ó bá jẹ́ inú rírun kékeré, tí ológbò ṣì ń rìn, tó ṣì ń wo ojú ẹni, a lè tọ́jú rẹ̀ nílé fún ọjọ́ kan. Omi ni àkọ́kọ́. Àpò SRO tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn dára. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú lítà kan omi mímọ́. Ológbò tó wọn kìlò 4 nílò nǹkan bíi mìlílítà 200 omi láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ má fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí orí rẹ̀ má gbójú sókè, kí ẹ dúró kó gbé e mì, kí ẹ tún kán an. Bí ó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀. Bí ó bá tún bì í, ẹ jáwọ́, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Fún oúnjẹ, ẹ bọ ẹran adìyẹ tí kò ní ata, tí kò ní kúùbù, tí kò ní àlùbọ́sà, tí kò sì ní eegun, kí ẹ ya á wẹ́wẹ́, kí ẹ fún un ní ìwọ̀n ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́. Ẹja yíyan ti ọjà kò yẹ fún un ní ọjọ́ yẹn. Iyọ̀ àti eegun rẹ̀ pọ̀ jù.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan yóò sọ: níbo ni dókítà náà wà? Lóòótọ́, ewúrẹ́, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni ó gba ọwọ́ àwọn dókítà ẹranko ẹkùn Plateau jù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kò pin síbẹ̀. Ní Dakar, ní ilé ẹ̀kọ́ EISMV tí a dá sílẹ̀ ní 1968, tí Benin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ín, a ń kọ́ wọn nípa ajá àti ológbò bákan náà. Nítòsí wa, ní Kétou, a ti dá fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé a kì í béèrè. Bí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá kó ológbò wọn jọ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe dókítà ṣáájú, yóò lè gbé abẹ́rẹ́ wá nínú òtútù, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì pín sí mẹ́wàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní tẹlifóònù lọ́wọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé ológbò aláìsàn lọ, kó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ olómorí, kó bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá mímọ́, kó sì mọ ọjọ́ orí ẹran náà, iye ìgbà tó bì, àti ohun tó jẹ kẹ́yìn.

Bí ológbò bá kú nínú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ wa ilẹ̀ jìn láti sin ín, kí ẹ sì jó àkísà tó fi sùn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì àti àwọn abọ́ mọ́ tónítóní kí ẹ tó da Javel sí i, ìwọ̀n kan Javel sí ìwọ̀n 30 omi, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé Javel kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Ilẹ̀ amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá kò gba irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ má ṣe gbé ọmọ ológbò mìíràn wọlé láàárín àkókò yẹn. Bí èkúté inú àká kò bá jẹ́ kí ẹ lè dúró, àgbà ológbò tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ni kí ẹ wá, èyí tí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ inú ọgbà.